Ojú Kékeré Orí Tẹlifíṣọ̀n Àjíkẹ́

Tẹlifíṣọ̀n tí Roheem gbé láti Ìbàdàn wá fún ìyá rẹ̀ ní Ìrókò fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ń lò. Ojú kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó ń dán bí ojú eku. Roheem ní kí àwọn lè máa rí ara àwọn sọ̀rọ̀ ni. Àjíkẹ́ ṣàdúrà fún un títí ó fi ní ó tó.

Ohun tí Roheem ò mọ̀ ni pé ìyá òun tó ti di opó ń fẹ́ ọkùnrin. Sàníù ni, àgbẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, á gbé iṣu sísun wá, á bọ́ fìlà, àwọn méjèèjì á jókòó ti epo pupa. Àjíkẹ́ ò tíì fẹ́ kí ọmọ kankan gbọ́. Ọmọ tó bá gbọ́ á pe ìpàdé ẹbí, ìpàdé ẹbí á sì sọ àgbàlagbà di ọmọdé.

Lọ́jọ́ Alàmísì kan, fóònù dún.

“Màámi, ta ló ń wá bọ́ fìlà nínú ilé yín?”

Àjíkẹ́ pa fóònù. Ilé Zubaidah, aládùúgbò rẹ̀, ló gbà lọ.

“Olófòófó, ìwọ lo sọ fún Roheem.”

“Màmá, ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Tí n bá fẹ́ sọ ọ́, ṣé Roheem nìkan ni n bá sọ fún?”

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Àjíkẹ́ padà sílé, ó wo yàrá yíká. Òun, Sàníù àti ojú eku yẹn nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Bí Sàníù ṣe gbé iṣu dé, ó jókòó síwájú ojú náà, ó gbóhùn sókè.

“Mo fẹ́ ta oko kòkó bàbá Roheem, kí n fi ra ọ̀kadà.”

“Àjíkẹ́, orúnkún wo lo fẹ́ fi gùn ún?”

Iṣu ò tíì kọjá ọ̀fun Sàníù tí fóònù fi dún.

“Màámi, ẹ dákun, ẹ má ta oko o.”

“Ta ló sọ fún ọ?”

Roheem kólòlò títí ó fi jẹ́wọ́. Láti orí fóònù òun lòun ti ń ṣí ojú náà, kí òun lè máa mọ bí ara ìyá òun ṣe rí.

Àjíkẹ́ dìde, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó gbọ́wọ́ lé ìró ìdí rẹ̀.

“Ìwòran lo fẹ́, àbí? Ibi tí o gbà wáyé nìyí. Wò ó dáadáa.”

Sàníù yíjú sí ògiri. Ó ní òun ò tíì san sàdáàkì.

Kò sí ọmọ tí ìyá tú ìró sí lójú nínú ìbínú tó tún rójú ayé. Roheem ti ń ké nínú fóònù.

“Màámi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ fi ọmú tí mo mu jì mí. Ẹ má tú u.”

“Ṣé ìwọ nìkan ló ń wò mí?”

Roheem ní àwọn tó ṣe é lókè òkun lè máa gbọ́, olè tó bá gbọ́n náà sì lè gbabẹ̀ wọlé.

“Gbogbo ìgbà tí mo ń fi òrí para lẹ́yìn ìwẹ̀ ńkọ́?”

Roheem tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀.

“Kí wọ́n yáa fi owó ìwòran ránṣẹ́. Ìwọ, tó o bá fẹ́ mọ ẹni tó ń wọlé mi, gba ẹnu ọ̀nà wá, kó o kí i.”

Roheem dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó já íńtánẹ́ẹ̀tì, ó dọ̀bálẹ̀ fún Sàníù, Sàníù bu iṣu fún un. Kò sẹ́ni tó pe ìpàdé ẹbí. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní òun á wá nǹkan bo ojú yẹn.

“Má ṣèyọnu,” ni Àjíkẹ́ wí. Ó mú fìlà tí Sàníù bọ́ sílẹ̀, ó fi bo ojú náà.

Látọjọ́ náà, orí lásán ni Sàníù ń gbé lọ sóko. Gbogbo Ìrókò ló ń bi í pé fìlà dà. Zubaidah nìkan ni kò bi í.