Apá Búláòsì Onígóòlù

Fọ́tò kan ṣoṣo ni Nusaibah fi mọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá náà, Àǹtí Mọ́nsúrátù, fi í sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dọ̀ àbúrò wọn, Bọ̀dá Délé, tí wọ́n wá tọrọ ibi ìsádi ní Dublin.

Nínú fọ́tò náà, Àǹtí múra bí òṣèré kan láti gúúsù Íńdíà tí wọ́n máa ń wò ní sinimá nígbà ọmọge wọn: sárì sílíìkì aláwọ̀ mìlíìkì, búláòsì tí apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, tí góòlù yí etí apá náà po, òdòdó funfun lára irun.

"Òṣèré yẹn kì í ṣíkùn síta bíi tàwọn yòókù," Àǹtí máa ń sọ fún mi nínú yàrá tí a jọ ń gbé ní Dublin. "Á kàn rìn wọlé ni, gbogbo sinimá á dákẹ́. Àmì pupa iwájú orí yẹn nìkan ni mi ò kọ́ lára ẹ̀. Mùsùlùmí ni mí."

Lọ́dún 2004, ìwé àṣẹ ìrìnnà Nusaibah jáde. Ọmọ náà ti pé méje. Àmọ́ jẹjẹrẹ ti mú Àǹtí. Irun ti re tán, ojú ti jìn wọnú, wọn ò lè lọ tún ọ́fíìsì ṣe ní Citywest mọ́.

"Mọ́mì," Nusaibah ní lórí fóònù, "apá aṣọ yín tó ń dán yẹn ni màá fi dá yín mọ̀."

Àǹtí yọ sárì àti búláòsì náà nínú press tí wọ́n ń kó aṣọ sí.

"Kòfowórọlá, bá mi fún un. Ó ti tóbi jù mí lọ."

Ilé ni màmá mi ti kọ́ mi ní ìránṣọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ní kí wọ́n bọ́ aṣọ, kí n wọ̀n wọ́n. Ojú tì mí. Wọ́n ti gé ọyàn kan kúrò láyà wọn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé mò ń wò ó. Mo fojú díwọ̀n, mo rán an.

"Grand ni," wọ́n ní, bí àwọn ará Dublin ṣe ń sọ pé ó dáa. Ó rẹ̀ wọ́n, wọn ò gbé e wọ̀.

Àárọ̀ tí ọmọ ń bọ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Búláòsì náà yọ̀ bọ́ léjìká. Mo fi pínnì mú un lẹ́yìn, ó tún bọ́. Bọ́ọ̀sì ò sì ní dúró dè wá.

"Má sunkún," Àǹtí ní. "Ṣé òtútù kì í mú òṣèré ni?"

Wọ́n gba kóòtù dúdú mi, wọ́n dì í dé ọrùn.

Ní pápákọ̀ òfurufú, Bọ̀dá Délé ń ti ẹrù bọ̀ lẹ́yìn. Nusaibah ti sáré ṣíwájú, fọ́tò lọ́wọ́, ó ń wo apá aṣọ gbogbo obìnrin. Ó kọjá lára wa. Ó padà. Ó kúnlẹ̀ níwájú Àǹtí bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí màmá mi?"

Àǹtí gba fọ́tò náà, wọ́n wò ó pẹ́. Ọwọ́ wọn lọ síbi bọ́tìnnì kóòtù, ó dúró níbẹ̀.

"Mo rí i," wọ́n ní. "Jókòó tì mí."

Nusaibah jókòó, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà.