Ọ̀pá Àṣẹ Lórí Àga Ọba Òyìnbó

Gbólóhùn kan péré ni Pirinsípà Dèjì ní kí Motúnráyọ̀ yọ kúrò nínú eré tó kọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ti kà á látòkè délẹ̀, ó ti rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín, kó tó wá fi ìka tẹ ibì kan lórí bébà bí ẹni tó ń pa kòkòrò.

"Mísì, èyí ńkọ́? 'Láti òní lọ, a kọ̀ ọ́ lọ́ba.' Lójú Kábíyèsí?"

"Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá wí, sà."

"Èmi mọ̀. Ṣé Kábíyèsí náà á mọ̀?"

Eré àwọn ará Amẹ́ríkà ayé ọjọ́un ni, nígbà tí wọ́n ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ọba náà jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń bu owó orí lé wọn, tó ń bu owó lé tíì tí wọ́n ń mu, láì bi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní í san owó tí wọn ò bi àwọn kí wọ́n tó bù ú. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ogun. Dókítà Fọláhàn, ọmọ bíbí Ìdèrò-Èkìtì tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ló fi páálí ìwé kan ránṣẹ́ sí ilé ìwé náà, ìtàn yìí ló sì kún inú rẹ̀. Pirinsípà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ṣeré ní ọjọ́ òmìnira, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Dókítà, bóyá ó tún lè rántí pé òrùlé yàrá kẹ́mísìrì ń jò. Ẹni tó ní kí wọ́n ṣeré kíkọ ọba ló tún ń bẹ̀rù pé wọn ó kọ ọba. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ló ń báni rí tẹni.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù rẹ̀ nídìí. Gbogbo ìlú ló mọ ọmọ ẹni tí Motúnráyọ̀ í ṣe. Ìbíkúnlé, bàbá rẹ̀, ni Ọ̀dọ̀fin Ìdèrò kí Elédèrò, ọba ìlú náà, tó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kábíyèsí ló fa ilẹ̀ etí odò lé àwọn kan tó fẹ́ fi gbin kájú lọ́wọ́ láì pe ìjòyè kankan sí i. Nígbà tí wọ́n pé sí ààfin, tí gbogbo ìjòyè ń mi orí, Ìbíkúnlé nìkan ló dìde. Kò bú ọba, kò gbóhùn sókè. Ohun tó sọ kò ju pé, "Kábíyèsí, ẹ ò bi wá." Ààfin ní àfojúdi ni, pé kó wá dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Ó ní òun á máa dọ̀bálẹ̀ kí ọba títí òun ó fi kú, ṣùgbọ́n òun ò ní í fi ìdọ̀bálẹ̀ bẹ ẹ̀bẹ̀ ohun tí òun ò ṣẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, kò bẹ̀. Ó ń lọ sí oko rẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kò bẹ̀.

Nígbà tó yá ni àwọn àgbà láti Ọ̀tùn dá sí i, pẹ̀lú àlùfáà Áńgílíkà. Kábíyèsí wá gbà pé òun á dá oyè padà fún un láì sí ẹ̀bẹ̀ kankan. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé ọjọ́ òmìnira ni wọ́n dá. Bàbá àgbàlagbà náà ti sá agbádá rẹ̀ sóòrùn, ẹ̀rín tí Motúnráyọ̀ ò rí lẹ́nu rẹ̀ tipẹ́ sì ti padà. Oyè náà ni Motúnráyọ̀ ń rò nígbà tí Pirinsípà ń fi ìka tẹ bébà.

Motúnráyọ̀ ní òun ò lè yọ gbólóhùn náà, nítorí bí a bá yọ ọ́, eré ò sí mọ́. Ṣùgbọ́n òun á yọ ẹni tó máa ṣe ọba. Kò ní í sí adé, kò ní í sí ẹni tó jọ ọba lórí ìtàgé rárá. Àga òfo ni wọn ó gbé síbẹ̀, àga náà sì ni wọn ó máa bá sọ̀rọ̀, nítorí ọba Gẹ̀ẹ́sì ò kúkú sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́. Pirinsípà rò ó títí, ó gbà. Wọ́n yá àga oníṣọ̀nà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà máa bèèrè ohun tí àga òfo ń ṣe níbẹ̀, àwọn ọmọ kọ ÀGA ỌBA gàdàgbà sára páálí, wọ́n so ó mọ́ ibi ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

Lọ́jọ́ òmìnira, Kábíyèsí ò lè wá. Ara rẹ̀ ò yá, wọ́n ti gbé e lọ rí dókítà ní Ìdó. Ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ ló rán, Kọ́láwọlé ẹmẹ̀sẹ̀, ìránṣẹ́ ààfin, ló sì gbé e wá. Bí ọ̀pá bá dé, ọba ló dé yẹn. À ń dọ̀bálẹ̀ fún un, a kì í bá a jiyàn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án àfi ẹmẹ̀sẹ̀. Pirinsípà sáré lọ pàdé Kọ́láwọlé, ó fi àga tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí lábẹ́ ìbòòrùn hàn án.

Kọ́láwọlé wo àga náà. Rọ́bà ni, aṣọ tí wọ́n tẹ́ lé e ò bo ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Ó wá gbójú sókè, ó rí àga oníṣọ̀nà lórí ìtàgé, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

"Ẹ gbé àga ọba sókè, ẹ wá ní kí ọba jókòó nísàlẹ̀?"

Kó tó di pé ẹnikẹ́ni lanu, ó ti gòkè. Ó gbé ọ̀pá lé àga náà, ó tún un ṣe, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ta ni yóò wá ní kó gbé ọba kúrò lórí àga ọba? Pirinsípà nu ojú, ó yà lọ kí káńsẹ́lọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó dá a lójú pé Motúnráyọ̀ á mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Motúnráyọ̀ mọ̀ ọ́n. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló ti rí ọ̀pá náà. Ìyìnolúwa, ọmọbìnrin tí gbólóhùn náà wà lẹ́nu rẹ̀, dúró tì í, ó ń tún gèlè ṣe, ó ń retí kí wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Motúnráyọ̀ sọ sí i létí: fò ó. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí bàbá rẹ̀ láàrin èrò, agbádá tí wọ́n sá lọ́rùn rẹ̀. Ó rántí etí odò. Ó rántí gbogbo àwọn ìjòyè tó ń mi orí. Ó rò ó pé eré ni, pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé eré ni. Inú sì ń bí i, ìbínú tó ti pẹ́. Ìyìnolúwa jáde lọ, Motúnráyọ̀ ò sì sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí.

Ọmọ náà dúró níwájú àga, ohùn rẹ̀ là bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

"O ń gbowó wa, o ò bi wá. O ń fi ilẹ̀ wa tọrẹ, o ò bi wá. Láti òní lọ, a kọ̀ ọ́ lọ́ba!"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá kan káwọ́ lérí. Kò sí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí kò mọ ẹnu tí "o ò bi wá" ti kọ́kọ́ jáde ní ìlú náà. Kọ́láwọlé fò dìde, ó gbé ọ̀pá mọ́ra.

"Wọ́n kọ ọba! Wọ́n kọ ọba lójú ọ̀pá! Kí ẹni tó kọ́ ọmọ yìí jáde síta!"

Motúnráyọ̀ jáde, ó kúnlẹ̀. Ìlú ló gbà á síṣẹ́, kì í ṣe ìjọba. Ọ̀rọ̀ kan láti ààfin tó láti lé e lọ, ẹni tí wọ́n bá sì sọ pé ó kọ ọba, kò sí ìlú tí ara rẹ̀ á yá láti gbà á. Kọ́láwọlé ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti máa lọ jíṣẹ́.

Ìbíkúnlé ló pàdé lójú àtẹ̀gùn. Bàbá náà ṣí fìlà. Ó tẹ́ agbádá àti àyà sínú eruku, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Kábíyèsí o. Ọmọ mi ni, ùwà ọmọdé ni. Mo bẹ̀ yín. Ẹ darí jì í."

Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí Kọ́láwọlé fi gbé ìdí ọ̀pá kàn án léjìká pé kó dìde. Pirinsípà ní kí àwọn ọmọ kọ orin orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ ni òmìnira Amẹ́ríkà parí sí ní Ìdèrò.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ti dé láti ààfin. Kábíyèsí ní òun ti gbọ́, ó ti tán. Mísì lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú òun sì dùn pé Ìbíkúnlé ti ṣe ohun tó yẹ kó ti ṣe lọ́jọ́ tó ti pẹ́, oyè rẹ̀ ń dúró dè é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn ará ìlú náà ń sọ ọ́ láti ojúlé dé ojúlé, pé ṣé wọ́n rí i báyìí, ìdọ̀bálẹ̀ kan péré ló kù látọjọ́ yìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Motúnráyọ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ láti bá a wọ aṣọ. Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wù oko lọ́rùn, àdá lọ́wọ́.

"Bàbá, wọ́n ń retí yín láàfin."

"Mo mọ̀."

"Tiyín ni. Wọ́n ti ní àwọn á fún yín láì sí ẹ̀bẹ̀."

"Mo ti bẹ̀, Motún. Uṣẹ́ rẹ ni mo fi bẹ̀, mo sì rí i gbà. Éè sí oyè nínú rẹ̀. Bí mo bá lọ nísìnyí, ùlú á ní ùdọ̀bálẹ̀ ni mo fi rà á."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí."

"Èmi náà á máa wí i fúnra mi." Ó gbé àdá kọ́ èjìká. "Lọ ulé. Èmi ò bá ọ bínú."

Ó gba ọ̀nà oko lọ. Motúnráyọ̀ jókòó sórí àpótí níwájú ilé náà, ó sunkún. Àánú bàbá rẹ̀ ṣe é, ojú ara rẹ̀ sì tì í, nítorí ó mọ̀ pé òun láǹfààní láti sọ ọ̀rọ̀ kan sétí ọmọ kan, òun ò sọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó di pé ààfin rán èèyàn wá wo ohun tó dá Ọ̀dọ̀fin dúró. Ó sọ fún wọn pé bàbá òun ti lọ sí oko.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ dìde kí i, wọ́n jókòó, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú rẹ̀. Ìyìnolúwa ló nawọ́ sókè.

"Mísì, àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn, ṣé wọ́n padà lọ bẹ ọba wọn nígbà tó yá?"

"Rárá," ni Motúnráyọ̀ dáhùn. "Òkun ló wà láàrin àwọn àti ọba wọn. Ẹ ṣí ìwé yín."