Àṣìṣe Kọkànlélógójì

Tú-u-wò ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, torí láti kékeré, kò sí ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní tú palẹ̀: rédíò, aago ògiri, títí kan bàtà ìyá rẹ̀. Ìwà tí wọ́n ń torí ẹ̀ nà án nílé ló padà di iṣẹ́ fún un. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe géèmù, yàrá mẹ́rin péré lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ló gbà á pé kó máa gbá gbogbo géèmù wọn kó tó jáde. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé àṣìṣe orí kọ̀ǹpútà, á fún un ní nọ́ńbà. Ẹni tó ni iṣẹ́ á tún un ṣe, á pa á dé. Bí onítọ̀hún bá gbà pé nǹkan kan ò bàjẹ́, á kọ “Kì í ṣe àṣìṣe” sábẹ́ rẹ̀, ó parí.

Àṣìṣe kọkànlélógójì ò wá parí. Gbólóhùn kan ni Tú-u-wò kọ síbẹ̀: “Ohun yòówù kéèyàn yàn, ìyá máa ń kú.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹni tó kọ ìtàn géèmù náà fèsì pé kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tú-u-wò tún un ṣí. Ẹni tó kọ ọ́ ọ̀hún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, ọmọ ìyá kan náà, yàrá tó tẹ̀ lé tirẹ̀ ló ń jókòó sí.

Nínú géèmù náà, ọmọbìnrin kan ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà ní òdìkejì odò. Ibi méjìlá ni wọ́n ti ń béèrè ohun téèyàn fẹ́ ṣe. Ṣé kó gba ibi tí omi ti ń sáré ni, àbí ibi tó rọ̀? Ṣé kó dúró pe aládùúgbò, àbí kó máa lọ? Ojú ewé àkọ́kọ́ sì ti kọ ọ́ gàdàgbà pé: GBA ÌYÁ RẸ LÀ. Tú-u-wò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gba gbogbo ọ̀nà tó wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí ìyá náà ti dé èbúté láàyè.

Ó já wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò kanlẹ̀kùn.

“Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa pa á, kí lẹ ń bi mí sí? Ìgbà méjìlá lẹ ní kí n yàn! Ṣé ẹ̀ ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

“Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Jókòó.”

“Mi ò jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó kọ ìwé kéèyàn kà á. Ẹ ò lè gbé àjẹ̀ lé mi lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wá so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn.”

Òótọ́ lọ́rọ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ìyá tiwọn ti kú láti ọdún mẹ́ta. Òun Tú-u-wò nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà, ìlú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn jìnnà. Ìyá wọn ní ó rẹ òun, ó ní, “Jẹ́ n sinmi díẹ̀ ná.” Tú-u-wò jẹ́ kó sinmi. Wákàtí méjì ló jẹ́ kó sùn kó tó pe mọ́tò. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n wò ó, kò fọhùn. Láti ọjọ́ náà ni Tú-u-wò ti gbà pé ìdájọ́ ni ìdákẹ́ yẹn.

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́. Màdáámù ò fẹ́ràn ìtàn tó ń kó èèyàn láyà jẹ tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ẹnìkan bá òun sọ ọ́. Ó ní kí òǹkọ̀wé wá ọ̀nà kan tí ìyá máa fi yè, kó má sì jẹ́ ti oríire lásán, kó hàn gbangba pé ohun téèyàn yàn ló gbà á là. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti gbọ́. Tú-u-wò jáde níbẹ̀ bí ẹni tó jẹ oyè.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni géèmù padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbá ibi kìíní, ó gbá ìkejì àti ìkẹta. Nígbà tó dé ibi kẹrin, ìyá inú ọkọ̀ gbé orí lé igi, ó ní, “Jẹ́ n sinmi díẹ̀ ná.” Ohun méjì ló yọ lábẹ́ rẹ̀: JẸ́ KÓ SINMI, tàbí GBÉ E LỌ NÍSINSÌNYÍ.

Ó tẹ̀ pé kó gbé e lọ. Ìyá dé èbúté, ó dìde, ó rẹ́rìn-ín. Tú-u-wò padà sẹ́yìn, ó tẹ̀ pé kó sinmi. Ìyá kú.

Ó ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn náà ló dìde, tí àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀, ó tún já wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ ṣeun o, Bọ̀ọ̀dá! Ohun tó ti wà nínú yín látọjọ́ yìí nìyẹn! Ẹ kúkú sọ ọ́ síta pé èmi ni mo pa á, dípò kẹ́ ẹ máa tà á fún gbogbo ayé!”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ta ló ní kí n wá ọ̀nà ìyè? Ibi méjìlá ni mo gbé e kiri. Ibi tí mo bá fi í sí, ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ láìṣe é di apààyàn. Ṣùgbọ́n ibi kẹrin yẹn, kò yẹ kí n fi í síbẹ̀ láé. Inú ló bí mi, mo ní kó o rí ohun tó o béèrè. Má bínú.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú?”

“Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá dókítà tí wọ́n gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà. Mo ní bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e dé ní wákàtí méjì ṣáájú ńkọ́? Ó ní bó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ló ti ṣubú pàápàá, kò sí ohun tí àwọn ì bá rí ṣe.”

Tú-u-wò figbe ta.

“Ọdún mẹ́ta! Ẹ ti mọ̀ láti ọdún mẹ́ta, ẹ sì ń wò mí! Géèmù lẹ lọ ń kọ! Ṣé ẹ ò lẹ́nu ni?”

“Mo lẹ́nu. Bí mo bá ti dárúkọ Màmá, wàá dìde, wàá ní o fẹ́ fọ abọ́. Ìwọ náà rò ó wò.”

Òótọ́ ni, àwọn abọ́ tí wọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀ pàápàá, ó ti fọ̀ wọ́n. Ìbínú ò kúkú mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó kọjá sí yàrá Màdáámù.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ̀nà ìyè yẹn kúrò.”

“Èyí tí ìwọ fúnra rẹ jà fún?”

“Èmi ni mà. Mo sọ̀kò sọ́jà, ará ilé mi ló bà. Àwọn tí ìyá wọn ti kú náà máa ń gbá géèmù, a ò lè sọ fún wọn pé àwọn ni wọn ò tètè gbé e.” Ohùn rẹ̀ tún ti ń lọ sókè. “Ohun tó yẹ kí n bá jà ni GBA ÌYÁ RẸ LÀ tí ẹ̀yin fi síwájú ẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀ ń ṣèlérí ohun tí kò sí níbẹ̀, èèyàn á wá máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá a!”

Màdáámù fajú ro díẹ̀. “Kí la wá fẹ́ kọ síbẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ló dáhùn. “Má fi ìyá rẹ sílẹ̀.”

Tú-u-wò ò bojú wẹ̀yìn. Ó rántí ọwọ́ ìyá rẹ̀ nínú ọwọ́ rẹ̀ fún odindi wákàtí méjì yẹn, bó ṣe ń gbóná, àti bó ṣe ń rọra fún ìka òun bó bá jí díẹ̀. Kò ronú kan ọwọ́ yẹn rí láti ọdún mẹ́ta, aago nìkan ló ń rò.

Ó padà sí ìdí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé àga tó ṣubú nílẹ̀, ó sì ṣí àṣìṣe kọkànlélógójì. “Ohun yòówù kéèyàn yàn, ìyá máa ń kú.” Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Kì í ṣe àṣìṣe,” ó sì pa á dé.