Mọ́kànlá Dípò Méjìlá

Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kórìíra òun láìṣẹ̀ wọ́n, kó wá gba iṣẹ́ mi. Ọdún mẹ́tàlá ni mo lò ní yàrá kékeré tó kángun sí pápá ìṣeré kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tí mò ń fọwọ́ sí ìwé pé akẹ́kọ̀ọ́ báyìí yẹ láti díje, akẹ́kọ̀ọ́ báyìí kò yẹ. Ìwé òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n "má ṣe" tó wà nínú rẹ̀ lé ní ogójì. Má ṣe gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ oníṣòwò. Má ṣe bú adarí ìje. Má ṣe gbé àwòrán ara rẹ àti ìgò ọtí sórí fóònù fún aráyé wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Má-ṣe. Wọ́n rò pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀ dáadáa, ó tiẹ̀ ń dùn mọ́ mi.

Òfin kan ga ju gbogbo wọn lọ níbẹ̀. Eléré ìdárayá gbọ́dọ̀ ní yúnìtì méjìlá, ó kéré tán, nínú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Gbàrà tó bá ti já sí mọ́kànlá, kò gbọ́dọ̀ sáré lórúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́. Nítorí èyí ni èmi náà fi ṣe òfin tèmi, tí mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára fèrèsé tí wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀: OJÚ FÈRÈSÉ NÍKAN NI KÍ Ẹ TI BI MÍ NÍPA YÚNÌTÌ. Lójú fèrèsé, ìwé ẹ̀kọ́ wọn máa ń wà ní ṣíṣí níwájú mi, mi ò sì ní máa fi orí ka ohun tó yẹ kí n fi ojú kà. Mo ti lé akẹ́kọ̀ọ́ padà lójú ọ̀nà, mo ti lé wọn padà nílé ìjẹun. Mo tiẹ̀ lé Kóòṣì, ẹni tó ń kọ́ wọn ní eré sísá, lọ́jọ́ tó yọ orí sínú mọ́tò mi pé òun ní ìbéèrè kékeré kan.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò lé ni ọmọbìnrin tí àbúrò mi ọkùnrin bí.

Kíámọ́sá ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ọjọ́ tó ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọdún kẹrin rẹ̀ sì nìyí, ọdún tó máa fi díje kẹ́yìn. Òun ló ń gba ọ̀pá kẹ́yìn nínú ìje táwọn mẹ́rin ń sá, tí ọ̀kan ń fi ọ̀pá lé èkejì lọ́wọ́. Bó ṣe ń yára lórí pápá tó, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ́ra nídìí àwo fífọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mo jókòó ní kíṣíìnì, mò ń ṣa ìrẹsì, ó wá fara ti fìríìjì.

"Àǹtí, kẹ́místrì yìí fẹ́ pa mí. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?"

"Yúnìtì mélòó ni?"

"Mẹ́ta."

"Mélòó lo ní lápapọ̀?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mo ṣa òkúta kan sọ nù. "Mẹ́ta kúrò nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ku méjìlá. Fi í sílẹ̀, jàre. Níbo nìwọ àti kẹ́místrì ti mọra tẹ́lẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fi kẹ́místrì sílẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sídè, mo fọwọ́ sí orúkọ àwọn tó máa sá ìje àkọ́kọ́ nínú ìdíje ọ̀sẹ̀ náà. Mo yẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan wò fínnífínní, àfi tirẹ̀. Mo fo tirẹ̀, torí èmi fúnra mi ni mo kúkú kà á. Lọ́jọ́ Tọ́sídè, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba ipò kìíní, ariwo sì gba pápá kan. Ìje àṣekágbá di aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé.

Ní àárọ̀ Sátidé náà, mo tẹ orúkọ jáde, mo gbé rúlà lé e, mo ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fo ẹnikẹ́ni. Mo dé ọ̀dọ̀ Kíámọ́sá. Mọ́kànlá.

Mo yọ gíláàsì ojú mi, mo nù ún, mo tún un wò. Mọ́kànlá náà ni. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, bí ẹni pé òun ló ṣi ìṣirò. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí láàbù. Láàbù kẹ́místrì ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì ní yúnìtì kan tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á yọ láàbù kúrò pẹ̀lú rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Mẹ́rin ló kúrò, kì í ṣe mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ láàbù yìí gan-an ni mo ti ń fi ọdún mẹ́tàlá ṣàlàyé fáwọn èèyàn lójú fèrèsé.

Mi ò lè jókòó mọ́. Mo ṣí fèrèsé, mo tì í. Mo bu omi, mi ò mu ún, mo gbé ife lé orí ìwé, ìwé tutù. Mo jáde dé ẹnu ọ̀nà pápá, mo rí àwọn tó ń fi ẹfun fa ìlà, mo padà. Mo tún jáde. Mo ṣí ìwé òfin sí ìlà kẹsàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n sórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìbéèrè, tó sì díje láìpé yúnìtì, ti pàdánù ọdún kan gbáko. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè lọ́wọ́ afọwọ́síwèé, tí ìyẹn sọ ohun tí kò tọ́ fún un, ìdíje yẹn nìkan ló pàdánù, afọwọ́síwèé ni wọ́n á yọ nípò. Ọdún kan gbáko fún Kíámọ́sá, ó parí nìyẹn, kò ní ọdún mìíràn. Bẹ́ẹ̀, ìdíje ńlá ìparí sáà, èyí tó ti ń fojú sọ́nà fún láti ọdún mẹ́rin, ku oṣù kan péré.

Kí n gbé ọ̀rọ̀ náà mì ńkọ́? Mo rò ó, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ́fíìsì àgbà máa ń fi iye yúnìtì gbogbo wọn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tó ń darí ìdíje. Bó bá tú síta lẹ́yìn àṣekágbá, gbogbo ìje táwọn ọmọbìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti borí lọ́dún náà á di òfo. Mo pè é.

Ó gbé bàtà ìsáré rẹ̀ lọ́wọ́ wọlé.

"Jókòó."

"Mi ò lè jókòó, Àǹtí, ara mi ti gbóná fún eré. Kí ló dé?"

Mo yí kọ̀ǹpútà sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Láàbù," ó ní.

"Láàbù ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé méjìlá ló kù." Kò sọ ọ́ tìbínútìbínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú. Ó wá jókòó, ó gbé bàtà lé itan. "Tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, kí ni wọ́n máa ṣe fún yín?"

"Wọ́n á yọ mí kúrò níbí."

"Tí mo bá ní mi ò bi yín ńkọ́?"

"Wàá pàdánù ọdún kan. O mọ ohun tíyẹn jẹ́."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kíṣíìnì la wà, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ ti ń tọ́jú mi." Ó dìde, ó jáde, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí n pè é padà kí n jágbe mọ́ ọn. Mi ò pè é. Mo fa fọ́ọ̀mù jáde, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo sì dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fà á, mo kọ ọ́ pé: Akẹ́kọ̀ọ́ kò béèrè. Mò ń sọ fún ara mi pé ọmọdé ni, ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, àti pé ìwé ló wá kà, kì í ṣe eré ló wá sá. Ta ló sì máa fún obìnrin ọlọ́jọ́ orí mi ní iṣẹ́ mìíràn? Gbogbo rẹ̀ bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo ká fọ́ọ̀mù, mo kọrí sí pápá.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń na ara lórí koríko. Kóòṣì gba fọ́ọ̀mù, ó kà á, fèrè bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ ní eré lẹ ń bá mi ṣe."

"Kì í ṣe eré."

Ó kọjú sí Kíámọ́sá. "O fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìbi Màmá? Inú ilé kan náà lẹ jọ ń gbé!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò bi wọ́n."

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

"Ẹ má bínú, sà."

Ọ̀kan nínú àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èyí tó ga jù sọ ọ̀pá mọ́lẹ̀. "O ti bà á jẹ́ fún wa," ó ní. "Tara ẹ nìkan lo mọ̀." Kíámọ́sá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀. Okùn náà ta kókó, ó ń fi èékánná họ ọ́, kò sì rí i tú. Mo wo ọwọ́ yẹn. Ojú tì mí.

"Ẹ má ṣe bú u!"

Mo pariwo débi táwọn tó ń fa ìlà fi yíjú wò mí.

"Màmá?" ni Kóòṣì wí.

"Ó béèrè. Èmi ló bi, èmi ni mo kà á fún un, mo sì kà á ṣì. Ìrẹsì ni mò ń ṣa."

"Ìrẹsì bíi ti báwo?"

Mo já fọ́ọ̀mù gbà, mo yí Kóòṣì kó kọ ẹ̀yìn sí mi, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tábìlì. Mo fagi lé ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀, mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Akẹ́kọ̀ọ́ béèrè. Afọwọ́síwèé ló ṣi ìṣirò, kò sì sí lójú fèrèsé. Mo fọwọ́ sí i. Ọkùnrin ńlá náà dúró gbagidi títí mo fi parí.

"Àǹtí, kí lẹ ṣe báyìí?" Ìgbà yẹn ni omi tó bọ́ lójú Kíámọ́sá.

"Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láàárọ̀ ni," mo ní. "Wá, jẹ́ n bá ẹ tú okùn yìí."

Ní aago mẹ́rin, ẹgbẹ́ méje ló tò sí ìlà dípò mẹ́jọ. Àlàfo kẹta, tó yẹ kó jẹ́ tiwa, ṣófo. Èmi àti Kíámọ́sá jọ wò ó láti ibi ìjókòó òkè, kò sẹ́ni tó wá jókòó tì wá. Èyí tó ga jù nínú àwọn ọmọ náà kò tíì kí mi dòní.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá mi. Yàrá fáìlì tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n gbé mi lọ, níbi tí eruku ti ń mú mi sín láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló wà lójú fèrèsé báyìí. Wọ́n ní ó le jù mí lọ. Kíámọ́sá mú ẹ̀kọ́ yúnìtì méjì mìíràn, ẹgbẹ́ tó ń darí ìdíje sì ní kó padà sórí pápá.

Nígbà tí ìdíje ńlá ku ọjọ́ mẹ́ta, mo jókòó ní kíṣíìnì. Ó wọlé, ó na ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí mi.

"Àǹtí, ẹ bá mi kà á."

Mo gbé ọwọ́ mi kúrò nínú ìrẹsì. "Èmi kì í ṣe afọwọ́síwèé mọ́. Mú un lọ sójú fèrèsé."

"Mo ti mú un lọ lánàá. Wọ́n ti kà á, wọ́n ti fọwọ́ sí i." Kò gba ìwé náà padà. "Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà kà á ni."

Mo dìde, mo fọ ọwọ́ mi, mo nù ún gbẹ, mo wá gíláàsì ojú mi rí. Mo fi ìka tọ ìwé náà láti ìlà dé ìlà, mo wò ó bóyá láàbù kankan fara pamọ́ síbì kan. Mẹ́tàlá. Mo tún un kà.