Ẹni Òkè Ló Ń Dáhùn fún Ẹni Ìsàlẹ̀

"Ọkọ mi ń kí wọn? Lọ́yà, mo ní ọkọ mi wo ló ń kí wọn?"

"Rọra sọ̀rọ̀, jọ̀ọ́. Wọ́n ń gbọ́ wa ní pálọ̀."

"Kí wọ́n gbọ́! Ṣebí ọdọọdún ni wọ́n ń gbọ́! Òkú ń kí wọn, wọ́n ń dúpẹ́! Ṣé irú èyí ṣẹlẹ̀ rí?"

Ilé ìdáná tí wọ́n wà kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, ìbínú sì ti wá ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọn níbẹ̀. Lọ́yà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Obìnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn ni, agbẹjọ́rò tí àwọn adájọ́ ń bẹ̀ pé kó jókòó. Lónìí, òun ló ń bẹ ènìyàn. Ẹni tó ń bẹ̀ ni Onífótò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó fara ti fíríìjì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé àwọn ife tíì tó wà lórí fíríìjì ń bá a gbọ̀n, tí wọ́n ń ró gbinrin gbinrin.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin ni àwọn méjèèjì lọ, orí bẹ́ẹ̀dì alájà méjì ni wọ́n sì ń sùn níbẹ̀, ẹnìkan lókè, ẹnìkan nísàlẹ̀. Láràárọ̀, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alágogo á lu agogo, á máa pe bẹ́ẹ̀dì ní nọ́ńbà. Bó bá pe bẹ́ẹ̀dì rẹ, tí o wà ní balùwẹ̀, tàbí inú ń run ọ́, tàbí o ṣì ń lá àlá nípa ẹran tí wọn kò fún ọ lánàá, ẹni tí ẹ jọ ni bẹ́ẹ̀dì á pariwo pé, "Ó wà!" Ẹni òkè á dáhùn fún ẹni ìsàlẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ á dáhùn fún ẹni òkè. Kò sí ẹni tó lè kọ̀. Bí wọ́n bá rí i pé irọ́ lo pa, ìwọ àtẹni tí o parọ́ fún lẹ jọ máa gé koríko. Lọ́yà ló sùn lókè bẹ́ẹ̀dì keje. Onífótò ló sùn nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì gé koríko ju màlúù lọ.

Wọ́n ti di ìyá àgbà báyìí, egungun orúnkún ti ń dún, irun ti funfun lábẹ́ dáì, ṣùgbọ́n àṣà yẹn kò kú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á pé jọ sí pálọ̀ Alágogo, ẹni tó ti di ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Á to àga ní méjì-méjì bí bẹ́ẹ̀dì ṣe wà, á mú agogo ọjọ́sí jáde (kò sẹ́ni tó bi í léèrè bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀), á máa pè wọ́n. Bó bá kàn ọ́, wàá dìde, wàá sọ bí ilé ṣe rí, bí iṣẹ́ ṣe rí, ọmọ tó gboyè, ọmọ tó ṣègbéyàwó. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ẹni tí kò bá rí ààyè wá, ẹni tí wọ́n jọ ni bẹ́ẹ̀dì á dáhùn fún un.

Ó ti pẹ́ tí Onífótò ti wá kẹ́yìn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló jọ ni ṣọ́ọ̀bù fótò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà. Obìnrin ń ya fótò, ọkùnrin á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa yọ ahọ́n, á máa yí ojú po, kí ọmọ ọwọ́ má baà sunkún. Kò sí ọmọ tó sunkún ní ṣọ́ọ̀bù yẹn rí. Nígbà tó yá, àìsàn dé, àìsàn kò lọ, ọkọ ló lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ tó bá jókòó síwájú aṣọ funfun yẹn ló ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dúnbú. Fóònù Onífótò bọ́ sómi lásìkò náà, kò sì wá nọ́ńbà náà padà. Ta ló fẹ́ pè é?

Ó ránṣẹ́ ṣá o. Aládùúgbò rẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn tí ọ̀kan lára àwọn ọmọ kíláàsì wọn, Nọ́ọ̀sì, ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní kó bá òun sọ fún un. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó ní kí wọ́n ya ìlà àga kan sọ́tọ̀, "fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa." Ìlà àga yẹn ṣófo títí àwọn tó ni àga fi wá kó àga wọn.

Láti ìgbà náà, ìnàró ló ń jẹun lẹ́yìn káńtà, nítorí ta ni yóò tẹ́ tábìlì fún? Bí ọ̀sán bá gùn tí oníbàárà kò yà, á lọ jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà, á kọjú sí ẹ̀rọ fótò tí kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Á gbójú sókè díẹ̀. Á dúró. Kò sẹ́ni tó yọ ahọ́n sí i.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló lé e jáde wá sí pálọ̀ Alágogo lónìí. Ó ti pinnu rẹ̀ láti ilé: bí wọ́n bá pe bẹ́ẹ̀dì òun, òun á dìde, òun á fi ẹnu ara òun sọ pé ọkọ òun ti kú. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́ gbà lẹ́nu wọn: pẹ̀lẹ́. Kò bẹ ẹnikẹ́ni ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò tíì bọ́ bàtà tán tí wọ́n fi rọ́ mọ́ ọn.

"Ìyàwó alárédè! Ayé ń yẹ ẹ́ sí, o kò rí tiwa rò mọ́!"

"Ọkọ wa ńkọ́? Ọdọọdún ló ń kí wa, a dúpẹ́ o! Ṣé eyín rẹ̀ ti san?"

Onífótò dúró. "Eyín wo?"

"Eyín tó ń dùn ún lésìí tí kò jẹ́ kó o wá! Lọ́yà sọ fún wa. Sọ fún un kó yé lá ṣúgà, àgbàyà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ló rẹ́rìn-ín jù, obìnrin tó ń dì mọ́ ènìyàn bí ẹni ń wọn ìfúnpá. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ máa gbàdúrà nítorí elénìní o! Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ọdún kan, ẹnìkan wá bá mi níbi iṣẹ́ pé ọkọ rẹ... ká má rí i! A ti múra, a ti wọ bàtà, à ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Lọ́yà ní irọ́ ni, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ẹ sọ̀rọ̀ tán ni, ara ẹ̀yin méjèèjì le kokooko. La bá bọ́ bàtà wa."

Onífótò yí ojú kúrò lára Nọ́ọ̀sì. Ó wá ojú Lọ́yà kiri pálọ̀, ó rí i nídìí fèrèsé níbi tó ti ń ṣe bí ẹni ń wo òdòdó. Ó lọ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Wá bá mi sè tíì." Bí wọ́n ṣe dé ilé ìdáná nìyẹn. Títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì gbé omi kaná.

"Mo pè ọ́," Lọ́yà ní. "Mo pè ọ́ títí. Nọ́ńbà rẹ kò lọ."

"Nọ́ńbà mi ni kò lọ. Ilẹ̀kùn mi ńkọ́? Wọ́n ká ilẹ̀kùn mi kúrò níbẹ̀ ni?"

"Wọ́n pe bẹ́ẹ̀dì rẹ, gbogbo wọ́n kọjú sí mi. Èmi gan-an! Èmi tá a jọ ń fi ṣíbí kan jẹun! Ṣé kí n ní n kò mọ ibi tó o wọlẹ̀ sí? Ojú tì mí. Mo ní o wà. Nígbà tó máa fi di ọdún kejì, irọ́ náà ti mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀."

"O sì wá fi eyín sí i lẹ́nu."

"Ó yẹ kó jọ òótọ́."

"Lọ́yà ni ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn lọ́yà yòókù máa ń bi oníbàárà léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó rojọ́ fún un. Wọ́n ti wọ bàtà, o bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ wọn! Mo jókòó ti àga òfìfo lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ mi!"

Wọ́n lu ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Ohùn Alágogo ni. "Ẹ̀yin bẹ́ẹ̀dì keje! Ṣé tíì lẹ̀ ń sè ni àbí akọ màlúù?"

"A ń bọ̀!" Ẹnu Lọ́yà dùn bí oyin. Ìgbà tí ẹsẹ̀ Alágogo kúrò nídìí ilẹ̀kùn ni ojú rẹ̀ tó wó lulẹ̀. "Gbọ́ mi. Sọ ohun tí mo ti ń sọ. Ti ọdún yìí nìkan. Bí o bá sọ òótọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo ohun tí mo ti sọ."

"Kí ló tún kù tó o sọ?"

Lọ́yà tẹjú mọ́ kẹ́tùlù tí kò sómi nínú rẹ̀. "Ọkọ tèmi kó lọ. Ọdún kejì rèé. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀ ṣófo, mo ṣì ń nù ún. Àwọn ọmọ, bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn máa pè padà. Mo ti jókòó ti fóònù títí ó fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Pálọ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, òun nìkan ni ibi tí mo ti ní ilé, tí mo lọ́kọ, tí mo bímọ. Má gbà á lọ́wọ́ mi." Ó di ọwọ́ Onífótò mú. "Màá máa wá bá ẹ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màá jókòó tì ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, màá máa yọ ahọ́n sí àwọn ọmọ. A ó jọ máa jẹun."

Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í bi omi léèrè ìran rẹ̀. Onífótò rí i lójú ara rẹ̀: ẹnìkan lẹ́yìn ẹ̀rọ fótò, abọ́ méjì lórí káńtà. Àyà rẹ̀ rọ̀. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbóná nínú tirẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn.

Lọ́yà nu ojú, ó wọ pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ẹ dárí jì wá o! Ọkọ rẹ̀ ló pè wá lórí fóònù! Ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán. Ó ní ká kí gbogbo yín!"

"A dúpẹ́ o!" ni gbogbo pálọ̀ dáhùn.

Onífótò lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Ohun tó rọ̀ láyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti dì padà.

Alágogo lu agogo. Wọ́n pe bẹ́ẹ̀dì kìíní: ọmọ ti bí ìbejì, ìyá àgbà ti yó ìgbẹ́ ọmọ. Àtẹ́wọ́. Wọ́n pe Nọ́ọ̀sì: ó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ náà ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń jà látàárọ̀ dalẹ́, àlàáfíà sì wà. Ẹ̀rín, àtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí ó fi kan àwọn méjì yìí.

"Bẹ́ẹ̀dì keje, òkè!"

Lọ́yà dìde. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn kó fi di ọwọ́ Onífótò mú, bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n jọ parọ́ ní ọmọdé. Onífótò fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé e lé itan ara rẹ̀. Lọ́yà bojú wẹ̀yìn, ó rí ojú tó ń wò ó. Ó la ẹnu. "Èmi..." Ó tún la ẹnu. Ohùn kò jáde. Obìnrin tó ń pa adájọ́ lẹ́nu mọ́ dúró láàárín pálọ̀.

Alágogo rò pé àwàdà ni. "Ẹni òkè ti sùn lọ! Ẹni ìsàlẹ̀, dáhùn fún un o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ń múra àtẹ́wọ́.

Onífótò dìde, ó sì gbójú sókè díẹ̀.

"Ọkọ ẹni òkè ti kó lọ," ó ní. "Ọkọ ẹni ìsàlẹ̀ ti kú, ọdún kẹrin rèé. Kò sẹ́ni tó ń kí yín."