Pátákó Tí Kò Tẹ̀ fún Misao

Kílò mẹ́rìnlélógójì péré ni mo wọ̀n, bàtà ọmọ iléèwé ló sì ń bá ẹsẹ̀ mi mu. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìlú wa ní Hokkaido, nílẹ̀ Japan, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òkè tí a ti ń yọ̀ lórí yìnyín wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná, kò sì ga rárá. Tí èèyàn bá ju súìtì sẹ́nu lókè, á ti dé ìsàlẹ̀ kó tó yọ́ tán. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù: kí n dúró lórí pátákó pẹlẹbẹ tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, kí n fi etí irin rẹ̀ gé yìnyín, kí n dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ọwọ́ mi á fi máa họ ilẹ̀, kí n tún yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Kuramochi-san ló ni pátákó tí mò ń lò tẹ́lẹ̀. Igi ló ń gé nínú igbó, kílò márùndínláàádọ́rùn-ún ló wọ̀n, òun sì ni ọ̀gá gbogbo àwa tí a jọ ń yọ̀. Nígbà tó ra tuntun, ó fún mi ní ti àtijọ́, ó ní pátákó gígùn ló ń jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Tí mo bá nà án ró, ó ga jù mí lọ. Ọdún méjì ni mo fi lò ó. Nígbàkigbà tó bá kọ̀ tí kò yí, ara mi ni mo máa ń dá lẹ́bi.

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ Alámìísì ti dì, ilẹ̀ ń dán bíi gíláàsì. Mo gbéra láti òkè. Mo fẹ́ yí sósì kí n tó dé òpó kẹta lára àwọn òpó tó gbé wáyà àga tó ń gbé èèyàn lọ sókè dúró. Mo dagun, mo fi gbogbo agbára tẹ pátákó mọ́lẹ̀. Kò tẹ̀. Ó ń sáré lọ tààrà bíi rélùwéè. Ìgbà náà ni mo rí Hatano-sẹ́ńsè, olùkọ́ tó kọ́ mi ní kíláàsì kẹta, tó dúró lẹ́bàá òpó náà, tó kẹ̀yìn sí mi, tó ń tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣe. Kò sí àyè láti kígbe. Mo bá ju ara mi sílẹ̀. Etí irin pátákó mi gbá ọ̀pá tó fi ń yọ̀ lórí yìnyín bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi sì lọ fi ẹ̀yìn gbá tìmùtìmù tí wọ́n fi wé òpó náà.

Ó yíjú, ó bi mí bóyá mo fara pa. Mo ní rárá. Ó tẹrí ba fún mi, ó ní kí n má bínú, pé kò yẹ kí òun dúró síbẹ̀. Ìyẹn ló wá dá kún ọ̀rọ̀ náà. Mi ò lè sọ fún un pé ìṣẹ́jú àáyá kan ló kù kí n gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ẹ̀yìn Hatano-sẹ́ńsè ni mò ń rí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bí èmi àti Kuramochi-san ṣe jókòó sórí àga tó ń gbé wa lọ sókè, itan mi ń gbọ̀n débi pé àga náà ń mì. Ó bi mí bóyá òtútù ni. Nígbà tí a dókè, mi ò lè dìde. Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọdé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Misao, ìwọ náà ti wá di ojo?" Kuramochi-san ń rẹ́rìn-ín. "Dagun sí i. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa."

Mo pinnu pé ó tán. Mo gbé pátákó náà lọ sọ́dọ̀ Màmá Tsukuda, tó ń pọ́n etí irin fún gbogbo wa, kó lè bá mi wá ẹni tó máa gbà á. Ó bi mí pé kí ló dé. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún. Kò tù mí nínú o. Ó to igi méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó gbé pátákó lé wọn, ó ní kí n gun àárín rẹ̀. Mo gùn ún. Ó ní kí n fò. Mo fò. Pátákó ò mira. Ó bá tẹ Kuramochi-san láago pé kó máa bọ̀. Bí Kuramochi-san ṣe dé tó sì gùn ún, àárín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

"Ìwọ lo fún un ní nǹkan yìí?"

"Èmi ni, Màmá. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni."

"Èyí tí kò bá tẹ̀ ò lè yí. Ẹ̀rù tó ń bà á yẹn, kì í ṣe ojo. Ara ẹ̀ ló ti mọ̀ kí òun alára tó mọ̀."

Kuramochi-san sọ̀ kalẹ̀ lórí pátákó náà. Etí rẹ̀ pọ́n.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé Hatano-sẹ́ńsè, mo sì sọ òótọ́ fún un. Ó wá ní òun gbọ́ ìró irin lẹ́yìn òun lọ́jọ́ náà, pé láti ìgbà yẹn òun ò dé òkè mọ́. Ó ní kí n wá ibi tí mo máa gbé ẹ̀rù tèmi sí, òun náà á wá ti òun.

Màmá yá mi ní pátákó mẹ́ta kí n dán wọn wò. Ó ní kí n má wo àwọ̀ wọn rárá. Èkíní kúrú, ó sì rọ̀ jù. Bó ṣe kan ibi tó dì, ó ń gbọ̀n bí ara mi ṣe ń gbọ̀n. Èkejì ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ mi lọ, kí ó tó ti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ti kọjá ibi tí mo fẹ́ yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú. Kuramochi-san lọ dúró síbi òpó kẹta, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ibẹ̀. Ìyẹn tún dá kún ẹ̀rù mi, torí òun gan-an ni mo lè lọ kọlù.

Ẹ̀kẹta fi díẹ̀ kúrú jù mí lọ, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú dáadáa, nítorí pé bí wọ́n bá ṣe gé ẹ̀gbẹ́ wọnú tó ni yíyí á ṣe kéré tó, òkè wa ò sì gba yíyí ńlá. Lókè, mo dúró títí àwọn mẹ́rin fi kọjá. Mo gbéra. Òpó ń bọ̀. Mo dagun, mo sì gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi pé ó tẹ̀. Ó gbé mi yí ká, ó yí ká, títí imú rẹ̀ fi kọjú sókè tó sì dúró fúnra rẹ̀. Ó kù bí mítà mẹ́wàá kí n dé ọ̀dọ̀ Kuramochi-san.

"Ó tẹ̀," ó ní. "Mo rí i."

Mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún.

Ẹ̀kẹta yẹn ni mo gbà. Tí ilẹ̀ bá dì, mi ò kì í gun òkè, kò sì sẹ́ni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Tí yìnyín bá rọ̀, mo máa ń lọ, mo máa ń wo ilẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ kí n tó gbéra, mo sì ń yọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù díẹ̀ lára.