Nọ́ọ̀sì Kò Tíì Pè

Kò tíì pè. Ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́, oòrùn ti dé orí tábìlì mi, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kò tíì pè… Ṣé fóònù mi ò kú? Ó ń tàn. Ṣé ètò kọ̀ǹpútà tí a kọ fún wọn ló ti dákú, tí wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá kọ̀ǹpútà létí? Èmi náà — kí ló kó mi sí i tí mo gbé e sórí ẹ̀dà tuntun lónìí?

Àbí kí n ti ṣe é? Àwọn tó ṣe ìpìlẹ̀ tí a kọ́ ètò ẹ̀jẹ̀ wa lé ti kéde: bí ọdún yìí bá parí, àwọn ò ní tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ mọ́. Bí ihò tí olè lè gbà wọlé bá yọ lára rẹ̀, kí olúkúlùkù máa dí tirẹ̀. Wọ́n ní tuntun yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Lẹ́nu, kí ni kì í yá?

Bàbá Sùúrù, ọ̀gá mi, ń rẹ́rìn-ín sí mi nígbà yẹn. "Àbúrò, má jẹ́ kó di ìparí ọdún o."

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà."

"Kó máa bà ẹ́. Ṣáà máa dán an wò."

Mo dán an wò. Ibi kan já, mo so ó. Ibòmíràn tún já… Bàbá Sùúrù jókòó tì mí, kò ráhùn, kò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Kí Ọlọ́run bá mi dá bàbá yẹn sí.

Ẹ̀rù mi ò sì ṣàdédé wá. Àbúrò mi obìnrin — ọjọ́ tó bímọ ní ọsibítù yìí kan náà, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá… Dókítà ń pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà?" Nọ́ọ̀sì ń wá a nínú ètò wa. Àmì róbótó tó ń ní kéèyàn dúró yẹn ń yí. Ó ń yí. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mò ń wò ó, ó ń yí —

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre!" ni nọ́ọ̀sì wí. Ó sáré wọ yàrá tútù, ó ń fọwọ́ tú àpò ẹ̀jẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i. Àbúrò mi wà láàyè. Ọmọ náà ti mọ irun mi í fà báyìí, ọmọ burúkú!

Kí n pe nọ́ọ̀sì náà? Rárá… kí n kọ́kọ́ wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Ibí ni mo ti ń rí bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Háà. Wọ́n ń lò ó! Ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹ̀jẹ̀, ìdáhùn ti dé kí n tó ṣẹ́jú. Òmíràn nìyẹn. Òmíràn… Obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ ni! Kí ló fẹ́ pè mí fún?

Mo kàn ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè.

Àwọn tó ṣe ẹ̀dà yìí, n ò mọ̀ wọ́n. Ẹnìkan jókòó níbìkan, ó ń gé ohun tó wúwo kúrò díẹ̀díẹ̀, kò sì mọ̀ pé àbúrò mi wà láyé. Wọ́n tún ti dá ọjọ́ tí ìtọ́jú tuntun yìí náà máa parí. Ìhàlẹ̀ ni mo máa ń kà á sí, bíi ti onílé tó fẹ́ léni jáde. Ṣùgbọ́n… wọn ì bá kàn dákẹ́, kí wọ́n sì lọ. Ta ni ì bá mú wọn?

Àṣé àyè ni wọ́n ń fún mi láti ìgbà yìí wá. Àyè kí n má baà fi ìkánjú ṣe é.

Ẹ ṣé o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ yín ni.